Káfíńtà Tó Tan Fìtílà sí Ìlú Ìyá Rẹ̀

Jókòó, Fọláhànmí. Gbé ìwé yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ, ìdí nìyẹn tí n kò fi wá bá ọ ní kíláàsì lánàá, níṣojú àwọn àgbà tí ò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí mo fi ní kí o wá bá mi nílé lónìí. Síbẹ̀síbẹ̀ inú ṣì ń bí mi. Má ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, gbọ́ ọ tán kí o tó lanu.

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, òun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ọjà. Ojú ìyá náà dá ṣáṣá títí ó fi lé ní ọgọ́ta ọdún. Nígbà tó yá, ojú náà ń ṣú, ó ń ṣú, títí kò fi rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti kẹ̀yìn sí oúnjẹ. Bí wọ́n bá gbé e síwájú rẹ̀, á ní kí wọ́n gbé e kúrò. Ó ní ayé ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ òun, kí lòun tún ń jẹun fún?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, káfíńtà gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá wá, ìyá tún yí ojú sí ògiri. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí ì bá ṣe mọ́. Ó kàn la ẹnu, ó ní, "Màámi, mo gbọ́ pé ìlú kan wà tí kò sí ẹni tó ń ríran níbẹ̀." Irọ́ ni, kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìyá yí ojú kúrò lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Báwo ni wọ́n ṣe ń dá ara wọn mọ̀?" Ọmọ ní ìró ẹsẹ̀ ni. Ìyá ní, "Irọ́ lò ń pa. Bí ẹni méjì bá ń rìn bákan náà ńkọ́?" Kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ ẹni méjì yẹn, ìyá ti jẹ òkèlè mẹ́rin.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìlú dó. Ọmọ ń kọ́ ilé, ìyá ń ṣòfin. Ìyá ló ní ìlẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìró tirẹ̀ bí wọ́n bá ṣí i, kí àlejò má baà wọ ilé onílé. Ìyá ló ní ẹni tó bá gbé àpótí ìjókòó kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, tí kò dá a padà, iwájú ọba ni yóò ti rojọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti fẹsẹ̀ kọ àpótí nínú ilé, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ya. Ìyá náà ló fi ọba jẹ. Obìnrin ló fi jẹ ẹ́, ó ní òun kò fẹ́ ìjàngbọ̀n. Kò sí fìtílà kankan ní ìlú náà, ta ló fẹ́ fi í ṣe kí ni? Odindi ọdún mẹ́ta ni ìyá fi ń jẹun lórí ìlú yìí. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Àwọn aládùúgbò á máa gbọ́ tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń pariwo mọ́ra wọn lórí ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga sí.

Oníbàárà kan tó wá gba àga rẹ̀ gbọ́ wọn níjọ́ kan. Ó ní, "Háà, káfíńtà, ohun tí àwọn èèyàn ń kọ sínú ìwé rèé! Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń kà á. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ o. Olùkọ́ kan wà nígboro tó ń kọ́ni ní àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń dá ayé àfinúrò sílẹ̀." Orí káfíńtà wú. Èyí kò burú. Èmi ò bá Gẹ̀ẹ́sì jà, ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì mọ ohun tó ṣe fún mi.

Olùkọ́ náà gbà á. Ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tí ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀: ọ̀rọ̀ fún ìjọba, fún òkè tí ń tú iná jáde, fún ẹranko abìyẹ́ tí ń fẹ́ iná lẹ́nu, fún ààfin olókùúta, fún máàpù ilẹ̀ tí kò sí, fún yìnyín tó bo ilẹ̀, fún oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀. Ogún ọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀. Ìyẹn náà kò burú. Ṣùgbọ́n olùkọ́ yìí tún ní òfin kan. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kí Gẹ̀ẹ́sì wọ òun lára kò gbọdọ̀ fi Yorùbá sọ nǹkan kan nípa ayé tó ń dá, títí yóò fi kọ́ ìwé náà tán, ìbáà ṣe ní kíláàsì, ìbáà ṣe nílé. Ó ní Yorùbá á máa fà á sẹ́yìn. Ẹ gbà mí o! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ohun tí wọ́n fi pàṣán kọ́ òun náà ní kékeré ló ń fi kọ́ ẹlòmíràn, kò sì fìgbà kan jókòó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òótọ́ ni.

Káfíńtà náà, ọ̀dẹ̀ èèyàn, ó pa òfin mọ́! Ó délé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó gbé oúnjẹ fún ìyá rẹ̀. Ìyá ní, "Ṣé wọ́n ti mú ẹni tó ń gbé àpótí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò kiri?" Ọmọ ní, "Màámi, ẹ ní sùúrù. Mo ń kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ni." Ìyá jẹ díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún bèèrè, ọmọ tún bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá kò bèèrè mọ́. Ọmọ á jókòó tì í, á máa ka ogún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè. Ìyá arúgbó tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju "gúùdù mọ́nìn" lọ á káwọ́ lé itan, á máa tẹ́tí. Oúnjẹ á máa tutù níwájú rẹ̀. Káfíńtà rí i pé àwo kì í ṣófo mọ́. Ó rí i o! Ṣùgbọ́n ó ní òun á parí ìwé náà láìpẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì dára. Àfọwọ́fà ni.

Ó parí rẹ̀ lóòótọ́. Olùkọ́ ní kó lọ kọ ayé rẹ̀ wàyí, kó sì rí i pé òun lo gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun kọ́. Káfíńtà jókòó ti tábìlì. Ó dé orí àwọn ìlẹ̀kùn tí wọ́n ní ìró tiwọn, kò rí ọ̀rọ̀ wọn nínú ìwé, ó fò wọ́n. Ẹjọ́ àpótí, kò rí i, ó fò ó. Ààfin olókùúta wà nínú ìwé, ó kọ́ ọ. Yìnyín wà, ó mú un rọ̀ sí ìlú tí wọ́n ti ń gbin ilá. Oríṣi ìmọ́lẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìwé náà, ó sì lo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún. Gbogbo ojú fèrèsé ló tan fìtílà sí.

Olùkọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó sáré délé, ó ní, "Màámi, mo ti parí ìlú wa. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ fún yín." Ìyá ti rù hangogo nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ní kó gbé òun jókòó. Ọmọ ń túmọ̀, ìyá ń gbọ́. Nígbà tó dé ibi fìtílà, ìyá na ọwọ́, ó dá a dúró.

"Fìtílà wà ní gbogbo ilé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ibẹ̀ mọ́lẹ̀ rekete."

"Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ wá ń ríran?"

Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń ríran.

"Èmi wá ńkọ́?"

 Ìgbà náà ni ó tó yé káfíńtà. Ó ju ìwé sílẹ̀, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ní òun á fa ìwé náà ya, kí wọ́n padà sí ti tẹ́lẹ̀, kí ìyá jọ̀ọ́ sọ fún òun bí ẹjọ́ àpótí ṣe parí. Ìyá fọwọ́ pa á lórí. Kò bínú. Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Mo ti kó kúrò níbẹ̀." Kò tún fi oúnjẹ kan ẹnu lẹ́yìn náà, àfi omi. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi sin ín.

Ó yá, Fọláhànmí, wò mí lójú. O ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti ń sọ ọ́ bọ̀, ò ń káàánú ìyá, ò ń bú olùkọ́ náà nínú ara rẹ. Má bú u. Òun kọ́ ló jókòó síwájú mi. Kí ni òfin tí ìwọ lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn kíláàsì rẹ? Kí lo ṣe fún obìnrin télọ̀ yẹn lánàá? Ó dìde láti sọ ayé tó fẹ́ kọ, Gẹ̀ẹ́sì há a lọ́fun, ó bọ́ sí Yorùbá. O sì so páálí ẹni tó sọ Yorùbá ní kíláàsì mọ́ ọn lọ́rùn! Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, o so páálí mọ́ ọn lọ́rùn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, o ní kó lọ dúró ti ògiri kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi í rẹ́rìn-ín. Kò tì ẹ́ lójú? Mo mọ̀, o fẹ́ sọ pé òfin kíláàsì ni. Òfin burúkú ni! Wọ́n so páálí yẹn mọ́ èmi náà lọ́rùn nílé ìwé, mo sì so ó mọ́ ọrùn àwọn ọmọ kan kí ojú mi tó là. Èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn.

O ò bi obìnrin náà léèrè irú ayé tó ń sọ. Èmi bi í. Ó gba iwájú ilé mi kọjá lánàá, mo rí ojú rẹ̀, mo pè é wọlé, mo fún un lómi, mo ní kó sọ ọ́ fún mi. Ó ní ìlú kan ni, àwọn ọmọ tó kú ní kékeré ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ń dàgbà. Àwọn ìyá arúgbó ló ń di irun wọn. Bí ọdún bá ti yí, wọ́n á rán aṣọ tuntun fún wọn, nítorí ti èṣí á ti kéré jù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ibà pa lọ́mọ ọdún mẹ́ta wà níbẹ̀. Ó ti pé mẹ́wàá báyìí. Ó fi ọwọ́ wọn gíga rẹ̀ fún mi lára ìlẹ̀kùn, ó ní ó ti tó ibí yìí. Ó ní ìdí tí òun fi ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí àwọn ìyá níbi tó jìnnà, tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, lè rí ìlú náà kà. Lẹ́yìn náà ló wá ní òun kò ní padà sí kíláàsì rẹ mọ́, bóyá òun kò tiẹ̀ ní ronú kan ìlú náà mọ́.

Dìde. Má bẹ̀ mí, èmi kọ́ lo ṣẹ̀. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nísinsìnyí, kúnlẹ̀ fún un, kí o sì jókòó tì í kó fi Yorùbá sọ ìlú náà fún ọ láti ẹnu ibodè títí dé ìdí ààrò, kí o tó ṣí ìwé ọ̀rọ̀ rẹ rárá. Ohun tí ìwé rẹ kò bá ní ọ̀rọ̀ fún, kí ẹ jọ wá a, àní bó bá gbà yín lóṣù kan. O kò gbọdọ̀ jẹ́ kó fo ẹyọ nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ náà ṣì ń retí ìyá rẹ̀ ní ìlú yẹn, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.