Kọ́kọ́rọ́ Ìbàdí Ọ̀gá Akínpẹ̀lú

Níbi iṣẹ́ ìjọba, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọba, kọ́kọ́rọ́ yàrá fáìlì ilẹ̀ sì wà níbàdí Ọ̀gá Akínpẹ̀lú. Nígbà tí ìjọba kó àwọn fáìlì náà lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Ọ̀gá pe Ìbídùn, òṣìṣẹ́ kékeré tó ṣe iṣẹ́ náà, ó ní: "Mú kọ́kọ́rọ́ ilé tí o kó fáìlì mi sí wá kílẹ̀ tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kó ẹrù ẹ." Ìbídùn kúnlẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ pe Màmá yín kí wọ́n fi oríkì kì yín." Ta ni kì í fẹ́ oríkì? Ọ̀gá fi fóònù pe ìyá rẹ̀ ní Ìkirè, ìyá ki ọmọ títí orí rẹ̀ fi wú. Ìbídùn wá sún mọ́ fóònù: "Màmá, yàrá wo lẹ ti oríkì yìí mọ́?" Màmá rẹ́rìn-ín: "Yàrá kẹ̀? Ẹnu gbogbo ọmọ ilé ló wà, ní Ìkirè, ní Àkúrẹ́, títí dé Kánò. Agboolé wa jóná rí, oríkì ò jóná." Ìbídùn kọjú sí Ọ̀gá: "Bẹ́ẹ̀ náà ni fáìlì yín, sà. Ó wà nínú ẹ̀rọ púpọ̀, nílùú púpọ̀." Ọ̀gá fajú ro: "Bí ẹnì kan bá wá yí i padà ńkọ́?" Kí Ìbídùn tó lanu, Màmá ti dáhùn: "Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Kó tó sọ ọ́ tán, àwa yòókù á ti mú un. Ohun tí ẹnì kan dá tì mọ́lé ló ṣeé yí padà." Ọ̀gá pa fóònù. Ó wo Ìbídùn, ó wo ìbàdí ara rẹ̀, ó sì rọra fa ẹ̀wù bo kọ́kọ́rọ́ náà.