Ìdí Tí Orin Kọ̀ọ̀kan Fi Ní Ẹni Tirẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ẹyẹ ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, orin dà bí òjò. Bí ó bá rọ̀, ó rọ̀ sórí gbogbo ẹ̀yìn lọ́gbọọgba. Kò sí ẹni tí orin mú sunkún. Kò sí ẹni tí orin mú fò sókè. Bí wọ́n bá kọ orin tán, àwọn tó gbọ́ á mi orí, wọn á ní, "Ó dára," wọn á sì wá oúnjẹ wọn lọ.

Ẹ̀ga ni olórin igbó nígbà náà. Orí ọ̀pẹ gíga kan tó wà létí odò ni ó ń gbé. Ní àràárọ̀, bí oòrùn bá ti ń yọjú, Ẹ̀ga á tún ìyẹ́ rẹ̀ tò, á la ẹnu, á kọ orin kan. Orin kan ṣoṣo ni lójúmọ́. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, á mú òmíràn. Orin inú rẹ̀ pọ̀ bí ewé ọdán. Nítorí náà, bí ó bá kọ ọ̀kan lónìí, ó lè tó ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó tún gbọ́ ọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kò yé. Ọ̀kẹ́rẹ́ a máa fẹ́ mọ ìdí ohun gbogbo: ìdí tí omi fi ń ṣàn, ìdí tí ẹ̀pà fi ń so sínú ilẹ̀ dípò kó so sókè. Ní ọjọ́ kan, ó gun ọ̀pẹ lọ bá Ẹ̀ga.

"Ẹ̀ga, nínú gbogbo orin rẹ, èwo ló dùn jù?"

Ẹ̀ga rẹ́rìn-ín. "Irú ìbéèrè wo nìyí? Nínú omi odò yìí, èwo ló dùn jù?"

"Omi kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Orin ní ọ̀rọ̀ nínú. Kí ló dé tí kò sí ẹni tó ń sọ pé kí o tún un kọ?"

Kò sí ẹni tó bi Ẹ̀ga bẹ́ẹ̀ rí.

"Lọ wá ẹ̀kùrọ́ rẹ jẹ," ó wí, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Ní àkókò yẹn ni Ètu bímọ. Ẹranko kékeré ni Ètu, ojora a sì tètè mú un. Ó ti bímọ rí, àwọn ọmọ náà kò dúró. Nígbà tí èyí dé, ó sọ ọ́ ní Málọmọ́.

Málọmọ́ kì í sùn. Bí ewé kan bá mì, á ta gìrì. Bí ẹ̀ka igi bá dá, á bẹ́ sókè. Àìsùn wá ń pọ́n ìyá rẹ̀ lójú. Ètu bá lọ sí ìdí ọ̀pẹ.

"Ẹ̀ga, ọ̀rẹ́ mi, fún mi ní orin kékeré kan tí mo lè fi tu ọmọ yìí nínú."

Ẹ̀ga ronú. "Ọ̀kan wà, ṣùgbọ́n kò tíì gbó. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ síta."

"Fún mi bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀ga bá fi kọ́ ọ. Orin náà nìyí:

Sún mọ́ mi, sún mọ́ mi,
Tẹ́rẹ́nà.
Koríko tútù ń bẹ níwájú,
Tẹ́rẹ́nà.
Ẹni tó lọ sódò á bọ̀ wálé,
Tẹ́rẹ́nà.

Ohùn Ètu há, ó sì máa ń fọ́ níbi tí orin náà bá ti gòkè. Síbẹ̀, kò yéé kọ ọ́. Bí ó bá ń fi ahọ́n lá etí ọmọ rẹ̀, orin yẹn ni. Bí òjò bá ká wọn mọ́ abẹ́ igi ìyeyè, tí wọ́n ń ṣa èso tó já bọ́ jẹ, orin yẹn ni. Bí Ẹkùn bá ń kọjá tí wọ́n sì sá pamọ́, á kọ ọ́ sí ọmọ náà létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí àyà wọn á fi balẹ̀.

Àwọn aládùúgbò a máa yọ ṣùtì sí i. "Orin kan náà lójoojúmọ́! Ṣé kò sú ọ ni?"

Kò sú Ètu. Málọmọ́ sì ti ń sùn.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan wá le. Ọyẹ́ mú koríko gbẹ títí ó fi ń rún wómúwómú lábẹ́ ẹsẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iná sọ láti ìhà ọ̀dàn. Afẹ́fẹ́ gbé e, ó sì ń bọ̀ wá sínú igbó pẹ̀lú ariwo ńlá. Èéfín bo ojú ọ̀run. Gbogbo ẹranko kọrí sí odò. Ẹfọ̀n, tí í ṣe olórí wọn, ló ń fi ìwo la ọ̀nà. Àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọlu ara wọn.

Nígbà tí Ètu gòkè odò ní òdìkejì, ó bojú wẹ̀yìn. Málọmọ́ kò sí níbẹ̀.

"Ọmọ mi dà? Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi dà?"

Wọ́n bá a pè é. "Málọmọ́! Málọmọ́!" Ẹfọ̀n bú ramúramù. Ẹ̀ga fò lọ sókè èéfín, ó fi ohùn rẹ̀ tó já gaara ké sí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyá ló ń pe ọmọ lọ́jọ́ náà, gbogbo bàbá ló ń kígbe, iná pàápàá sì ń ké. Abẹ́ àpáta kan ni Málọmọ́ sá sí, ó di ojú méjèèjì. Ariwo kan náà ni gbogbo rẹ̀ létí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pariwo tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sún wọ inú ihò tó.

Ètu fẹ́ padà sódò. Ẹfọ̀n dínà fún un.

"Ètu, iná nìyẹn. Bí o bá padà, ẹni méjì ni a ó máa sunkún lé lórí."

"Bàbá, bí mo bá dúró síbí, ta ni mo fẹ́ máa wò?"

Ó gba abẹ́ ikùn Ẹfọ̀n kọjá, ó sì bọ́ sínú omi.

Kò lè wọ inú iná. Nígbà tó kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀, tí omi mù ún dé àyà, ooru dá a dúró. Ó fẹ́ pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wá sí i lẹ́nu ni orin kékeré yẹn. Ó kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ fọ́ níbi tó ti máa ń fọ́.

Lábẹ́ àpáta, Málọmọ́ gbé orí sókè. Nǹkan kan sọ kúlú nínú àyà rẹ̀. Ó ń gbóòórùn ìyeyè. Ó ń gbọ́ bí òjò ṣe ń kán sórí ewé. Ó dà bí ẹni pé ahọ́n ìyá rẹ̀ wà létí rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dìde. Ó tẹ̀ lé orin náà nínú èéfín tí kò jẹ́ kó rí imú ara rẹ̀, títí omi fi kàn án lẹ́sẹ̀.

Irun ìrù rẹ̀ ti jó. Ìyá rẹ̀ ń fi imú tì í bí wọ́n ṣe ń la odò kọjá, kò sì dákẹ́ orin náà títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Òjò rọ̀, iná kú, koríko tuntun hù. Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ dé. Gbogbo ìyá ló fẹ́ orin tí ń pe ọmọ jáde nínú iná. Ẹfọ̀n pe ìpàdé sí ìdí ọ̀pẹ.

"Ẹ̀ga, ìwọ lo ni orin náà. Kọ ọ́, kí gbogbo wa kọ́ ọ."

Ẹ̀ga kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ dán, kò fọ́ níbì kankan. Gbogbo ẹranko na etí sókè, wọ́n ń retí kí nǹkan sọ láyà wọn. Nǹkan kan kò sọ. Ọ̀yà tilẹ̀ yán.

"Ó dára," ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n inú wọn kò dùn.

Ìgbà tí wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n rí Ètu. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Málọmọ́ sì ti fi ara pa á lára, ó ń fi orí nù ún nírun.

Inú bí Ẹfọ̀n. "Ètu! O ti yọ mùdùnmúdùn inú orin yìí, egungun lásán lo fi sílẹ̀ fún wa!"

"Bàbá wa, mi ò yọ nǹkan kan. Bí Ẹ̀ga ṣe fún mi ni mo ṣe ń lò ó."

"Irọ́ ni!" àwọn yòókù kígbe. "Ó fẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ nìkan yè!"

Ẹfọ̀n fi pátákò gbá ilẹ̀. "Mú èyí tí o fi pamọ́ jáde. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ìwọ àti ọmọ rẹ kúrò nínú igbó yìí."

Ètu fi ara bo ọmọ rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Ẹkùn wà ní ìta igbó náà, ó ń ṣọ́ ẹni tó bá dá rìn.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí ẹ̀ka. "Málọmọ́, kí ni o gbọ́ nínú orin náà?"

"Mo gbọ́ ìyeyè," ọmọ náà wí. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. "Mo tún gbọ́ òjò. Mo gbọ́ ahọ́n ìyá mi."

"Ìyeyè kò sí nínú rẹ̀ o," Ẹ̀ga wí. "Èmi ni mo ṣe orin náà. Mi ò fi ìyeyè sí i."

"Ta ló wá fi sí i?" Ọ̀kẹ́rẹ́ béèrè.

Ẹfọ̀n kò ní sùúrù mọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké mọ́ Ètu. Ojora mú Ẹ̀ga, nítorí kò fẹ́ kó jẹ́ pé orin òun ni yóò lé ìyá àti ọmọ jáde nílé. Ó bá ń kọ orin mìíràn, bóyá ọ̀kan lè tẹ́ wọn lọ́rùn. Ó kọ ti oòrùn. Ó kọ ti ẹja. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó wá mú orin àtijọ́ kan, orin lékeléke tó ń wọ́ lọ sílé nírọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ já mọ́ Ẹfọ̀n lẹ́nu. Orí rẹ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí imú rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

"Kí ló dé, bàbá?" Ọ̀kẹ́rẹ́ béèrè.

"Mo kéré nígbà náà," Ẹfọ̀n wí. "Etí odò yìí ni ìyá mi dùbúlẹ̀ sí, kò sì dìde mọ́. Bí mo ṣe ń fi orí tì í pé kó dìde ká máa lọ, orin yìí ni Ẹ̀ga ń kọ. Mi ò mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé ojú ìyá mi. Mo tún ti rí i báyìí."

Ẹfọ̀n gbójú sókè wo ọ̀pẹ, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí nínú igbó náà.

"Ẹ̀ga, jọ̀ọ́, tún un kọ."

Ẹ̀ga tún un kọ. Létí àwọn yòókù, orin lékeléke lásán ni. Ọ̀yà tilẹ̀ ń bi ẹnìkejì rẹ̀ bóyá iṣu ṣì kù lọ́nà oko. Ṣùgbọ́n omijé Ẹfọ̀n ń kán tó, tó, tó sórí ilẹ̀. Nígbà tí orin parí, ó yíjú sí Ètu.

"Má bínú sí mi. O kò yọ nǹkan kan nínú orin yẹn. Ìwọ lo fi nǹkan sí i."

Ni ariwo bá sọ. "Ẹ̀ga, èyí tí o kọ lọ́jọ́ tí mo gbéyàwó!" "Ẹ̀ga, èyí tí a gbọ́ nígbà tí a kọ́kọ́ dé igbó yìí!" Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. "Tèmi ńkọ́? Tèmi ńkọ́?"

"Èwo ni tìrẹ?" Ẹ̀ga bi í.

"Mi ò tíì mọ̀!"

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti máa ń sáré díẹ̀ lórí igi, tí á dúró wìì, tí á gbé orí sókè, tí á tẹ́tí. Láti ọjọ́ náà ni Ẹ̀ga kò ti ráyè sinmi. Ó ń kọ gbogbo orin rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ọ̀pẹ, kí ti ẹnikẹ́ni má baà fò ó, àwa tí a ń kọjá nísàlẹ̀ a sì máa ní ẹyẹ ń pàtótó.

Láti ọjọ́ náà sì ni orin kọ̀ọ̀kan ti ní ẹni tirẹ̀. Ẹni méjì lè jókòó sídìí àwo kan, kí wọ́n jọ máa gbọ́ orin kan náà. Omi á lé ròrò sójú ọ̀kan. Èkejì á ní kí wọ́n bá òun na iyọ̀.