Ìkókó Tí Ó Ń Sùn Lórí Pátákó

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí odò, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwòrán yíyà sára pátákó. Agbẹ̀bí ìlú náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ya ọ̀kan fún òun, kí àwọn aboyún òdìkejì odò, tí wọn kò mọ̀wé, lè mọ ibi tí wọn yóò gúnlẹ̀ sí.

Ó ya ìkókó kan tí ó ń sùn. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó pa ojú rẹ̀ dé, ó sì fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú ya ìkùukùu yí i ká. Àwòrán náà dákẹ́ rọ́rọ́, bí ẹni pé odò ni ó ń lá àlá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ sí èbúté, òun gan-an dúró wò ó títí oòrùn fi wọ̀.

Oṣù kan kọjá, aboyún kankan kò gúnlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ìrọbí mú obìnrin kan, ọkọ rẹ̀ sì fi ọkọ̀ gbé e wá. Bí pátákó náà ti yọ sí wọn, obìnrin náà di etí ọkọ̀ mú.

“Bàbá Àyọ̀ká, yí i padà! Má gbé mi débẹ̀ o!”

Wọ́n padà. Àárín omi ni ó bímọ sí. Ọmọ náà kò tètè ké. Díẹ̀ báyìí ni ó kù kí wọ́n pàdánù rẹ̀.

Ayàwòrán gbọ́, ó sì wọkọ̀ lọ bá wọn. Ó bá ìyá ọkọ obìnrin náà níbi tí ó na ẹsẹ̀ sí, tí ó tẹ́ ọmọ lé e, tí ó ń wẹ̀ ẹ́. Ọmọ ń ké tantan. Ayàwòrán béèrè ohun tí àwòrán òun ṣe fún wọn.

“Ọmọ tí ó dijú, tí kò ké, tí o wá fi aṣọ funfun wé,” ni ìyá àgbà náà wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ̀yin ọkùnrin! A rò pé ibi tí wọ́n ń sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí nìyẹn.”

Ó padà, ó fi ọ̀dà pa ìkókó rẹ̀ rẹ́. Ó ya ẹsẹ̀ méjì tí a nà, omi tí ń dà, àti ọmọ tí ó la ẹnu gbàgà. Kò lẹ́wà tó ti àkọ́kọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkọ̀ mẹ́ta ti gúnlẹ̀.

Ìbídùn ọmọ mi, ìwọ tí o ń kọ́ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán, mo rí èyí tí o fi ránṣẹ́, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ni mí, kò sí iṣẹ́ rẹ tí kò ní wù mí. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Kí o tó gbé àwòrán síta, mú un tọ ẹni tí o ṣe é fún lọ. Má ṣàlàyé. Bi í pé kí ni ó rí, kí o sì dákẹ́. Bí ohun tí ó rí bá yàtọ̀ sí ohun tí o ní lọ́kàn, tirẹ̀ ni kí o gbà, kódà bí omi bá bọ́ lójú rẹ.