Apá Bàálù Tí Ọ̀dà Bò

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ oníkòkó, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. Bàbá rẹ̀ ti darúgbó, ojú bàbá náà sì ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni bàbá yìí ń fẹ́ kí ojú tó ṣú tán. Ó ní oko kòkó tí òun ti fi ẹsẹ̀ rìn fún àádọ́ta ọdún, òun fẹ́ wà lókè kí òun rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ bá lọ ra bàálù kékeré oníjókòó méjì. Kì í ṣe odindi o. Inú àpótí ńláńlá ló wà ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí ẹni tó rà á tò ó fúnra rẹ̀. Ìwé tó bá a wá sọ pé ẹgbẹ̀rin wákàtí ni títò rẹ̀ máa gbà. Ọkùnrin wa mú bírò, ó fi mẹ́rìnlélógún pín in, ó sì sáré lọ bá bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n péré! Àgbàdo ọdún yìí ò ní tíì gbó tí ẹ máa fi fò."

Kò yọ oorun kúrò nínú ìṣirò rẹ̀. Kò yọ oúnjẹ, kò yọ òkú àna rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sin lóṣù yẹn, kò sì yọ àwọn oníjẹnẹrétọ̀ tó ń kanlẹ̀kùn ní àràárọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pé, ìrù bàálù nìkan ló tíì tò. Ó ní láti wọn páànù kọ̀ọ̀kan, kó lu ihò sí i, kó fá etí ihò náà kó dán, kó tó wá fi ìṣó kéékèèké so wọ́n pọ̀. Ìṣó náà lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

Ọdún kan kọjá. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ó-kù-díẹ̀, nítorí èsì tó máa ń fún wọn nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ó-kù-díẹ̀, ṣé ẹ ti fò?" Yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún. Lọ́sẹ̀ kan tí yẹ̀yẹ́ náà pọ̀ jù, ó fi ìkánjú kan apá òsì. Ihò bíi méjìlá kò bára mu nínú rẹ̀, ìṣó ibẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rí i. Ó fi páànù bò ó, ó kùn ún lọ́dà funfun, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé ta ni yóò wo inú apá bàálù.

Nígbà tó di ọdún kẹrin, bàálù dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Awakọ̀ bàálù kan tó ti fẹ̀yìn tì gbà láti wá gbé bàbá fò, wọ́n sì dá ọjọ́. Bàbá kò rí ìwé kà mọ́ nígbà náà, dókítà sì ti ní òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ojú rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan, bàbá ní kí wọ́n mú òun lọ wò ó. Ó fi ọwọ́ pa apá òsì láti ìdí dé ṣóńṣó.

"Ó dán," ó ní. "Inú ẹ̀ ńkọ́?"

Ọmọ rò ó wò. Bó bá tú apá náà, oṣù méje ni, ojú bàbá sì lè lọ kó tó parí. Bí kò bá tú u, bàbá yóò rí oko rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bóyá láìséwu. Omi bọ́ lójú rẹ̀ níbi tó dúró sí, ó sì jẹ́wọ́.

Bàbá mú ọwọ́ kúrò lára apá náà.

"Àkàngbé, ọdún márùn-ún ni mo fi dúró de kòkó mi kó tó so, mi ò sì yọ àdá sí i. Tú u. Bí ojú mi bá lọ, wàá ròyìn oko fún mi. Bí èmi bá já bọ́ látòkè, kí lo máa ròyìn fún àwọn àbúrò ẹ?"

Ó tú u. Ìṣó àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn bọ́ sí i lọ́wọ́ bí eyín ọmọdé. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orúkọ Ó-kù-díẹ̀ kò sì tún dùn ún mọ́.

Oṣù méje di mẹ́jọ. Ojú bàbá ṣì ríran fẹ́ẹ́rẹ́ ní òwúrọ̀ tí wọ́n gbé e sókè. Kò rí ewé, kò rí igi, ṣùgbọ́n ó rí oko náà tó tutù yọ̀yọ̀, tí odò ń dán létí rẹ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó dúró dáadáa.

"Ṣé bó ṣe kéré tó nìyẹn? Ilẹ̀ tí mo torí ẹ̀ yan àbúrò mi lódì fọ́dún mẹ́jọ!"

Bí ẹ bá bi ọmọ náà lónìí pé báwo ni títò bàálù ṣe ń pẹ́ tó, yóò ní, "Ọdún márùn-ún. Ìkánjú ló jẹ ọ̀kan nínú ẹ̀."

Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí, ìwé ìpè ìgbéyàwó rẹ wà lọ́wọ́ mi, ó sì ń dán. O ní o bí ọmọ kan sí Oǹdó, àfẹ́sọ́nà rẹ kò mọ̀, o sì ní lẹ́yìn ìgbéyàwó ni wàá sọ, torí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú apá bàálù nìyẹn. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ pàdánù rẹ̀. Ó lè bínú, ó lè ní kí ẹ sún ọjọ́ síwájú, àwọn èèyàn á sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Yẹ̀yẹ́ kì í pani. Ẹ ò tíì gbéra nílẹ̀, ọmọ mi. Aago mẹ́rin ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, àfẹ́sọ́nà rẹ kò tíì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Dìde, lọ bá a.