Àwo Tí Abẹ́rẹ́ Ń Fò Lórí Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí ó ní àwo orin púpọ̀, tí wọ́n sì ní kí ó mú ẹyọ kan péré nínú wọn fún àwọn ẹlòmíràn.

Ọ̀gá akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn baba wa. Òun ni ó fẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, nítorí náà ìtàn tí mo ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu àlejò. Àpótí mẹ́ta ni ó kó àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sí: orin dùùrù, orin fàólìnì, orin àwọn ẹgbẹ́ akọrin ńláńlá tí àwọn Òyìnbó ti ń kọ láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ èyí tí kò ní, ojú máa ń tì í.

Ní ọjọ́ kan, tíṣà tí ó ń darí akọrin ní Òkè-Ọ̀gánwó, abúlé kan tí ó tó máìlì mẹ́jọ sí wa, wá bá a. Ọkàn tíṣà kò balẹ̀. Alúfàá tí ó ń ṣàkóso àwọn ṣọ́ọ̀ṣì agbègbè náà ti sọ fún un pé bí akọrin Òkè-Ọ̀gánwó kò bá lè fi ohùn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọrin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ Ìkórè, òun yóò tú wọn ká, òun yóò sì kó aṣọ akọrin wọn fún ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn. Àgbẹ̀ àti ahunṣọ ni gbogbo wọn. Wọn kò gbọ́ ohùn mẹ́rin pọ̀ rí láyé wọn.

“Bàbá, a ti yá giramafóònù,” ni tíṣà wí. “Ẹ mú àwo kan fún wa. Ẹyọ kan ni o. Bí ẹ bá kó mẹ́wàá fún wa, a ó kàn máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí òmíràn ni. Ọ̀kan tí a ó máa gbọ́ títí yóò fi wọ̀ wá lára.”

Ọ̀gá akọrin fi ọjọ́ mẹ́ta yẹ àwọn àpótí rẹ̀ wò. Àwo kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ ohùn mẹ́rin àti dùùrù nìkan. Gbogbo Sátidé ni ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé e sórí ẹ̀rọ bí ó bá ń lọ aṣọ akọrin ọkọ rẹ̀, títí ó fi kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin náà kò jáwọ́. Sátidé kan kì í kọjá kí ó má gbọ́ ọ. Àwo náà ti ṣá, ara rẹ̀ ti họ, abẹ́rẹ́ a sì máa fò padà níbì kan, yóò tún gbólóhùn kan náà kọ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó kọjá.

Ó gbé e lọ́wọ́, ó sì dá a padà sínú àpótí. Ó ní ojú yóò ti òun. Èyí tí ó mú ni àwo kan tí ọgọ́rùn-ún ohun èlò orin ń dún nínú rẹ̀, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní ìyá gbogbo orin. Ó ń dán bíi dígí. Ó kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin mọ́ ọn, ó yìn ín láti òkè délẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Ọ̀gánwó láti gbọ́ wọn. Wọn kò rí nǹkan kan kọ. Ọ̀kan ní òun máa ń sùn lọ kí ó tó dé àárín. Òmíràn ní ó dà bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù: ó dùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá òjò kọrin? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méje.

Obìnrin àgbà kan wà láàrin wọn, ahunṣọ ni.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ lẹ́tà,” ni ó wí. “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju orin náà lọ. Ṣùgbọ́n aṣọ ni mò ń hun. Mo mọ èyí tí wọ́n ń wọ̀, mo mọ èyí tí wọ́n kàn ká sí àpótí. Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti gbọ́ àwo yìí dópin rí?”

Ọ̀gá akọrin wo ilẹ̀. “Rárá,” ni ó wí.

“Èwo lẹ máa ń gbọ́ nígbà tí kò sí àlejò nílé yín?”

Ọ̀gá akọrin dìde. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sílé, ó mú àwo tó ṣá, ó fi aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ lọ kẹ́yìn wé e, ó sì tún gun kẹ̀kẹ́ lọ ní ọjọ́ kan náà. Ẹni ọdún méjìdínláàdọ́rin ni nígbà náà.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbọ́ àwo yẹn. Tíṣà ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ń kọ ọ́ sójú pátákó. Ohùn kọ̀ọ̀kan rí ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọjọ́ Ìkórè, wọ́n dìde, wọ́n kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ṣubú lu ohùn ẹnìkejì. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí abẹ́rẹ́ máa ń fò, wọ́n kọ gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, kedere, láìmikàn. Wọn kò mọ̀ pé àléébù ni. Tíṣà gan-an kò mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, alúfàá ní, “Mo mọ orin yẹn. Àtúnkọ yìí kò sí nínú ìwé rẹ̀.”

“Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́, Alúfàá,” ni ọ̀gá akọrin wí. “Ilé mi ni ó ti wá.”

Alúfàá ní, “Ohùn mẹ́rin ni mo béèrè, mẹ́rin ni mo sì gbọ́. Kí wọ́n máa wọ aṣọ wọn.”

Títí di òní, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń kọ ọ́ ní Òkè-Ọ̀gánwó. Mo ti jókòó níbẹ̀, mo gbọ́ ọ. Sátidé ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n ń kọ, wọn kò sì mọ̀ ọ́n.

Ìyíọlá, ọmọ àbúrò mi, wọ́n ní kí o dárúkọ ẹyọ orin kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín gbọ́dọ̀ gbọ́, o sì kó orúkọ mọ́kànlá wá fún mi láti inú ìwé àwọn ẹlòmíràn. Mo bi ọ́ pé mélòó lo gbọ́ dópin nínú wọn, o ń wo fóònù rẹ. Pa gbogbo wọn rẹ́. Má ṣe mú èyí tí wọn yóò torí rẹ̀ pè ọ́ ní ọ̀mọ̀wé. Mú èyí tí o ń gbọ́ nígbà tí ó bá ku ìwọ nìkan. Kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbí, níwájú mi, kí o tó dìde. Bí abẹ́rẹ́ bá sì ń fò níbì kan nínú rẹ̀, fi ibẹ̀ hàn wọ́n.