Àga Tó Kọjú sí Àyọ̀ká

Sùfíánù aránṣọ ló kọ́kọ́ sọ fún Àyọ̀ká, opó elépo, pé Bàbá Láníyọnu fẹ́ jókòó sórí àga tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ nídìí káàdì. Àyọ̀ká pa ìsọ̀ rẹ̀ dé, ó lọ jókòó kọjú sí àga náà, òun àti Bàbá Láníyọnu di ẹnì kejì ara wọn.

Méjì-méjì ni wọ́n ń ta á. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á pe iye ìgbà tí òun àti ẹnì kejì òun máa jẹ. Bàbá Láníyọnu pe méje. Ọkọ Àyọ̀ká nígbà ayé rẹ̀ kì í fọ́nnu: bó bá pe méje, mẹ́wàá ló ní lọ́kàn. Àyọ̀ká wo káàdì ọba méjì tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó pe mọ́kànlá. Mẹ́jọ péré ni wọ́n jẹ.

"Ẹnu yín ju ọwọ́ yín lọ, Ìyá Elépo!" Àwọn tó bá wọn ta á bú sẹ́rìn-ín.

"Méje tí mo pè, méje náà ni mo ní," ni Bàbá Láníyọnu wí. "Ta lẹ tiẹ̀ ń bá ta?"

Òkú ọkọ rẹ̀ ni Àyọ̀ká ń bá ta. Láti ìgbà tó ti jókòó, kò tíì gbójú sókè wo ẹni tó wà lórí àga náà.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Àyọ̀ká wí. "Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ẹni tí kò sì wo ọwọ́ kejì, ọwọ́ kan náà ló ní. Ẹ tún káàdì pín."

Ó wá gbójú sókè.