Àwòrán Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kò Ṣí Wò

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ìdìbò. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélógún ní òkè òkun, ní ìlú kan tí yìnyín máa ń bo ojú títì fún oṣù mẹ́rin. Bí ìdìbò bá ti dé ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, òun àti àwọn olùkọ́ yunifásítì mẹ́ta tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kan náà a máa péjọ sí yàrá kan ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Wọn a gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀, wọn a po tíì, wọn a sì máa túmọ̀ èsì ìbò bó ṣe ń wọlé. Ilé iṣẹ́ rédíò máa ń pè wọ́n láti gbọ́ èrò wọn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ ilé ń dùn wọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan nílé, aránṣọ ni. Òun ló pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní kékeré. Lọ́jọ́ ìdìbò tí mò ń wí yìí, obìnrin náà ti wà lórí ìlà láti aago méje àárọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kóòtù ìbílẹ̀ àtijọ́ tó wà ní àdúgbò wọn. Nígbà tí ìdìbò parí, wọ́n ka ìbò sókè lójú gbogbo ènìyàn, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń bá wọn kà á. Ó jẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́rìnlá. Òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò kọ iye náà sínú ìwé èsì, ó fọwọ́ sí i, ó sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri bí òfin ṣe wí. Aránṣọ gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó ya àwòrán ìwé náà, ó sì fi í ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀.

Àwòrán náà dé níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wo orúkọ tó yọ lójú fóònù, ó sì dojú rẹ̀ délẹ̀ sórí tábìlì.

"Ta nìyẹn?" ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Bí kì í bá ṣe àdúrà, á jẹ́ àwòrán ìkómọ."

"Tèmi le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ewé wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi dókítà," ẹlòmíràn nínú wọn ní.

"Dókítà ìwé lásán ni yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ́ yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àṣà kan. Lọ́jọọjọ́ Àìkú, ó máa ń pa ohun gbogbo tí ará ilé bá fi ránṣẹ́ rẹ́ láì ṣí i, kí fóònù má baà kún. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹbí ẹni kì í ṣe ẹ̀rí. Lọ́jọ́ kejì ìdìbò, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó pa àwòrán ara ògiri náà rẹ́, pẹ̀lú àdúrà mẹ́sàn-án àti fídíò ìgbéyàwó kan.

Nígbà tí wọ́n kéde èsì, wọ́n ní ìbò mọ́kànlélógójì péré ni wọ́n dì ní ibùdó ìdìbò ẹ̀gbẹ́ kóòtù yẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n dá ibùdó náà mọ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni nílé. Ó sọ lórí rédíò pé, "Àdúgbò tí wọ́n bí mi sí rèé. Ìdìbò ti sú wọn. Wọ́n jókòó sílé." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àwọn ìwé ìròyìn gbé e.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi nọ́ńbà àjèjì pè é.

"Àkàngbé, a dé ilé ẹjọ́ lánàá lórí èsì ìbò wa. Lọ́yà wa ń bèèrè ìwé èsì yẹn. Bá mi dá àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ padà."

"Àwòrán wo, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ti ara ògiri. Àwọn jàǹdùkú fa ìwé náà ya kí ẹlòmíràn tó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ti di àwátì. Wọ́n gba fóònù mi, wọ́n là á mọ́lẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi wọ́n rín. Mo ní kí wọ́n máa fọ́ ọ lọ, ó ti dé òkè òkun, ó ti wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀wé."

Obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Lọ́yà àwọn tí à ń bá ṣẹjọ́ ka ohun tí o sọ lórí rédíò sétí adájọ́. Ó ní ọmọ wa pàápàá jẹ́rìí pé a ò jáde. Mo ní kí àwọn èèyàn wa fara balẹ̀, pé bí àwòrán bá ti dé, ọ̀rọ̀ á yanjú. Ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mo ti pa á rẹ́. Ẹ má bínú. N kò ṣí i rárá."

Ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú òun.

"Ó dáa," obìnrin náà ní. "Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ lẹ́tà sí ilé ẹjọ́ pé òun ṣìnà, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, nítorí kò rí nǹkan kan. Wọ́n dá ẹjọ́ náà. Mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìwé títí di òní. Àwọn tó dúró sínú oòrùn láti àárọ̀ ni ìwé kà sí ẹni tó jókòó sílé.

Ní ọdún kẹrin, ìdìbò mìíràn dé. Láti àárọ̀ ni ọ̀jọ̀gbọ́n ti jókòó ti fóònù rẹ̀, ó kọjú fóònù náà sókè. Nǹkan kan kò wọlé láti ilé. Nígbà tó yá, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Obìnrin náà ní òun ti ya àwòrán ìwé èsì, òun sì ti fi ránṣẹ́ sí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní òpópónà kejì.

"Mi ò fẹ́ dí ọ lọ́wọ́," ó ní. "O kú iṣẹ́."

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, mo rí àpótí ìrìnàjò òkè òkun rẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì bá ọ yọ̀. Lọ́hùn-ún, wọn á bi ọ́ nípa wa, wàá sì ní ohun tí wàá sọ. N kò ní kí o dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí o tó sọ fún wọn pé a kò sọ̀rọ̀, ṣí ohun tí a fi ránṣẹ́ sí ọ. A kò ní bá ọ jà bí o kò bá ṣí i. A kàn máa wá ẹlòmíràn tí a ó máa fi ránṣẹ́ sí ni.